Ta Ló Ni Sísán Àrá? Ìtàn Ìwé Àṣẹ Lórí Ìró Inú Fíìmù

Kò sí ẹni tó dá sísán àrá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló ni gbígbó ajá, ìró ẹsẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ariwo òjò lórí páànù. Síbẹ̀, ẹni tó bá mú ọ̀kan nínú àwọn ìró wọ̀nyí látinú àwo tàbí láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì fi sínú fíìmù rẹ̀, lè di ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, nítorí pé ohun tí òfin ń dáàbò bò kì í ṣe ìró fúnra rẹ̀ bí kò ṣe àkásílẹ̀ rẹ̀, èyíinì ni ìró tí ẹnì kan fi ẹ̀rọ gbà sílẹ̀ lọ́nà tí ó fi ṣeé gbọ́ ní àgbọ́túngbọ́. Irú ìró bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré tí kì í sì í ṣe orin, tí olótùú fíìmù máa ń tò sábẹ́ àwòrán kí òǹwòran lè gbà pé ohun tí òun ń rí ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ni àpilẹ̀kọ yìí ń pè ní ìró àfikún. Ẹfẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gé fíìmù máa ń pè é. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìró àti àkásílẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo ìwé àṣẹ tí wọ́n ń tà fún àwọn oníṣẹ́ fídíò lónìí, ó sì gbà ju igba ọdún lọ kí ó tó fìdí múlẹ̀.

Kí ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìró lórí ìtàgé. Ní àwọn gbọ̀ngàn eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n a máa gbọn páànù irin fífẹ̀, tàbí kí wọ́n yí ọta irin lọ sísàlẹ̀ nínú ọpọ́n gígùn tí wọ́n fi pákó ṣe sí òkè àjà, kí ó lè máa kù rìrì lórí àwọn òǹwòran bí ìgbà tí òjò ńlá bá ń bọ̀; irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀ ṣì wà ní gbọ̀ngàn eré Theatre Royal tí wọ́n ṣí ní ìlú Bristol ní ọdún 1766. Iṣẹ́ ọwọ́ lásán ni, ẹni tó bá sì ti rí bí ẹlòmíràn ṣe ń ṣe é lè lọ ṣe tirẹ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kì í wọ́n nínú ọ̀rọ̀ yìí ni John Dennis, òǹkọ̀wé eré kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó dá ọ̀nà tuntun kan láti fi ṣe ìró àrá fún eré rẹ̀, Appius and Virginia, tí wọ́n ṣe ní Drury Lane ní ọdún 1709. Eré náà kò pẹ́ lórí ìtàgé kí wọ́n tó gbé e kúrò, ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀, kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Dennis jókòó wo Macbeth ní gbọ̀ngàn kan náà tí ó sì gbọ́ tí àrá tirẹ̀ ń sán, inú sì bí i débi pé ó fi igbe bọnu pé wọ́n kọ eré òun ṣùgbọ́n wọ́n jí àrá òun lò. Ní oṣù April ọdún 1710 gan-an ni òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Òfin Ọbabìnrin Anne, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ̀tọ́ àdàkọ ni àṣẹ tí òfin fún ẹni tó ṣe iṣẹ́ kan pé òun nìkan, tàbí ẹni tí òun bá yọ̀ǹda fún, ló lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ìwé títẹ̀ nìkan ni òfin yẹn sì mọ̀. Dennis lè fi í gbèjà ọ̀rọ̀ inú eré rẹ̀ bí ó bá ti di ìwé, ṣùgbọ́n kò sí adájọ́ tí ì bá gbọ́ ẹjọ́ àrá.

Ẹ̀rọ tí Thomas Edison gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1877, tí ó ń gba ohùn sílẹ̀ tí ó sì ń sọ ọ́ jáde padà, ni ó yí ọ̀rọ̀ náà padà, nítorí láti ìgbà náà ni ìró ti kúrò ní ohun tó kàn ń dún tó sì ń parẹ́, tí ó sì di ohun tí ènìyàn lè kó sínú àpótí, kí wọ́n tà á, kí wọ́n sì jí i. Òfin kò tètè tẹ̀lé e. Ìgbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ ti ọdún 1911 ni àkásílẹ̀ tó rí ààbò tirẹ̀ gbà, fún 50 ọdún, àṣẹ tí ìjọba ọba gbé jáde ní oṣù June ọdún 1912 sì mú òfin náà dé ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà, èyí tó fi hàn pé ẹ̀tọ́ lórí àkásílẹ̀ ti wà nínú òfin tó ń darí ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú kí ọ̀pọ̀ agbolé ibẹ̀ tó gbúròó giramafóònù.

Bí ẹ̀tọ́ náà ṣe gbòòrò tó kò hàn kedere títí di ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Gramophone gbé ilé oúnjẹ Cawardine ní Bristol, ìlú kan náà tí ọpọ́n àrá wà, lọ sí kóòtù nítorí pé wọ́n ń fi àwo orin dá àwọn oníbàárà lára yá láìgba àṣẹ. Owó ni onílé oúnjẹ náà fi ra àwo rẹ̀, kò jí i, kò sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Àmọ́ ohun tí Adájọ́ Maugham sọ, nínú ìdájọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò mọ̀ mọ́ ọdún 1934, ni pé àwo tí ènìyàn rà kò fún un ní àṣẹ láti máa lò ó fún etí gbogbo èrò. Lọ́dún náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo dá Phonographic Performance Limited sílẹ̀ láti máa bá wọn gba owó irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ kan ti lè jọ lọ, nítorí inú rẹ̀ ni èrò tó gbé ìwé àṣẹ ró ti hàn ní kíkún: ohun méjì ni ẹni tó ń ra ìró ń rà, àkọ́kọ́ ni ẹ̀dà tí ó lè mú dání, èkejì ni ìyọ̀ǹda láti fi ẹ̀dà náà ṣe nǹkan kan pàtó, ẹni tó ni ín sì lè ta ọ̀kan fún un láìta èkejì.

Ní Hollywood, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà. Nígbà tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1920, Jack Foley, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Universal, wà lára àwọn tó ṣe ìró fún Show Boat ti ọdún 1929, òun ló sì sọ ọ́ di iṣẹ́ òòjọ́ pé kí ènìyàn máa wo àwòrán bí ó ti ń lọ, kí ó sì máa fi bàtà, aṣọ àti àwọn ohun èlò ilé ṣe ìró tó bá a mu. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe iṣẹ́ náà títí di òní. Ìró tí kò ṣeé ṣe nínú yàrá, wọn a gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ de fíìmù mìíràn. Sísán àrá tí Universal kásílẹ̀ fún Frankenstein ní ọdún 1931 di àrá ọ̀pọ̀lọpọ̀ fíìmù fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, débi pé àwọn onímọ̀ iṣẹ́ náà fún un ní orúkọ tirẹ̀, Castle Thunder. Ìwé àṣẹ kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú gbogbo èyí, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ilé-iṣẹ́ kan náà ló gba ìró sílẹ̀, òun ló tọ́jú rẹ̀, òun náà ló sì ń lò ó.

Èyí tí ìtàn rẹ̀ kún jù nínú irú ìró bẹ́ẹ̀ ni igbe kan tí Warner Bros. kásílẹ̀ fún Distant Drums, fíìmù tó jáde ní ọdún 1951. Nínú fíìmù náà, ọ̀nì gbá ọmọ-ogun kan mú bí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń la àbàtà kọjá ní Florida. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ya àwòrán tán, wọ́n mú òṣèré kan, tí ọ̀pọ̀ gbà pé Sheb Wooley ni, wọ inú sítúdíò, wọ́n ní kí ó ké bí ẹni tí ọ̀nì bù jẹ, ó sì ké lẹ́ẹ̀mẹ́fà tẹ̀léra. Ní ọdún 1953, igbe náà tún jáde ní ẹnu ọmọ-ogun kan tí ń jẹ́ Wilhelm nínú The Charge at Feather River, nígbà tí ọfà bà á lẹ́sẹ̀. Ben Burtt, ẹni tó ń wá ìró fún Star Wars, ló wá a rí nínú àkójọ Warner Bros.; ó fi orúkọ ọmọ-ogun yẹn pè é, ó sì fi sí ẹnu ọmọ-ogun mìíràn tó já bọ́ láti òkè nínú fíìmù náà ní ọdún 1977. Láti ìgbà náà ni àwọn olótùú ti sọ ọ́ di àwàdà abẹ́lẹ̀ láàárín ara wọn, tí wọ́n ń fi í pamọ́ sínú fíìmù kan tẹ̀lé òmíràn, àwọn òǹwòran tó mọ̀ ọ́n sì ń rẹ́rìn-ín ní ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò ka àkásílẹ̀ lásán sí ohun tí ẹ̀tọ́ àdàkọ lè bò títí di ọjọ́ 15 oṣù February ọdún 1972. Ìró tó so mọ́ fíìmù ń jẹ nínú ààbò fíìmù náà, ṣùgbọ́n àwo tó dá dúró, òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló kù fún un, ọ̀kan kì í sì í bá èkejì dọ́gba. Nígbà tí òfin tuntun wá dé, ó fi ààlà kan sí i tí kò sí olótùú tí kò yẹ kí ó mọ̀ ọ́n: ẹ̀tọ́ ẹni tó ni àkásílẹ̀ kò kan ẹni tó bá fúnra rẹ̀ gba ìró mìíràn sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ìró kejì fi gbogbo ọ̀nà jọ ti àkọ́kọ́. Nínú orin, ààlà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ran ènìyàn lọ́wọ́, nítorí ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí orin kan, ti ẹni tó ṣe orin náà àti ti ẹni tó ni àkásílẹ̀ rẹ̀, ẹni tó bá sì tún orin olórin kọ ti bọ́ lọ́wọ́ èkejì nìkan. Òjò kò ní ẹni tó kọ ọ́ lórin. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síta tó sì gba ìró òjò sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ti di olóhun àkásílẹ̀ tirẹ̀, kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn bá tilẹ̀ ti gba òjò sílẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Èyí ni ohun tó mú kí ọjà ìró àfikún yàtọ̀ pátápátá sí ọjà orin: àkókò, ohun èlò àti etí ọlọ́gbọ́n ni ẹni tó ń tà á ń tà, kì í ṣe ohun tí ẹlòmíràn kò lè rí.

Síbẹ̀, ọwọ́ orin ni ọjà náà ti kọ́ ìwà àkọ́kọ́. Ilé-iṣẹ́ De Wolfe, tí Meyer de Wolfe dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1909 láti máa pèsè orin fún fíìmù tí kò lóhùn, wà lára àwọn tó dá òwò orin àlẹ̀mọ́wòrán sílẹ̀, nínú òwò yẹn ni àṣà kan sì ti gbilẹ̀ pé kí olótùú máa san owó ní gbogbo ìgbà tó bá gbé abẹ́rẹ́ lé àwo láti mú nǹkan jáde fún iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé àṣẹ tí ń ka abẹ́rẹ́ báyìí lè bá orin mu, níwọ̀n bí fíìmù kan kò ti ní ju orin mélòó kan lọ, àmọ́ kò lè bá ìró àfikún mu, nítorí pé ìró tó wà nínú fíìmù kan ṣoṣo lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, láti orí ìlẹ̀kùn dé orí ife omi, olótùú kò sì lè máa ṣírò owó lórí gbogbo ìlẹ̀kùn tó bá tì.

Ìdí nìyí tí títà lápapọ̀ fi borí. BBC, tó ti ń tọ́jú ìró fún eré orí rédíò láti ọjọ́ pípẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí gbé àwọn àwo ìró jáde fún títà, ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ àkójọ ìró ikú àti ẹ̀rù, tí ó jáde ní ọdún 1977, sì rí àwọn tó ń rà á kí wọ́n lè fi dẹ́rù ba ọ̀rẹ́ wọn lásán. Fún àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn jẹ́ fíìmù, Brian Nimens dá Sound Ideas sílẹ̀ ní Toronto, ní ilẹ̀ Kánádà, ní ọdún 1978, ó sì ń ta odidi àkójọ ìró lábẹ́ àṣẹ àsanlẹ́ẹ̀kan, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá ra àkójọ náà lè lò ó nínú iye iṣẹ́ tó bá wù ú láìtún san owó ẹ̀tọ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣi irú àṣẹ yìí gbọ́ títí di òní, wọ́n sì ń pè é ní ọ̀fẹ́. Kì í ṣe ọ̀fẹ́. Owó orí ẹ̀tọ́ nìkan ni kò tún sí mọ́. Ìró náà ṣì jẹ́ ti ẹni tó kó o jọ, ẹni tó rà á kò sì gbọdọ̀ tún un tà gẹ́gẹ́ bí ìró, kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún olótùú tó wà ní ilé kejì, bí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá sì ní olótùú mẹ́wàá, owó ẹni kan kò tó. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń gba owó oṣooṣù lóde òní fi ìkáwọ́ mìíràn kún un, nítorí ní ọ̀pọ̀ ìgbà, fídíò tó ti jáde nígbà tí owó ṣì ń wọlé nìkan ni àṣẹ wọn bò, èyí tí oníṣẹ́ bá ṣe lẹ́yìn tó ti dáwọ́ owó dúró kò sí nínú rẹ̀.

Íntánẹ́ẹ̀tì mú irú ìwé àṣẹ mìíràn wá, tí kò ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò jáde. Ẹgbẹ́ Creative Commons, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2001, gbé àwọn ìwé àṣẹ àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù December ọdún 2002, èrò wọn sì ni pé kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ lè kéde fún gbogbo ayé, láìdúró de ìwé ìbéèrè ẹnikẹ́ni, ohun tí ó yọ̀ǹda àti ohun tí kò yọ̀ǹda. Ní ọdún 2005, àwọn olùwádìí nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ orin ní Yunifásítì Pompeu Fabra ní Barcelona ṣí Freesound, àkójọ ìró orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè fi ìró kún, lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sampling Plus. Ìwé àṣẹ yẹn gba ènìyàn láàyè láti gé ìró kí ó sì fi ṣe iṣẹ́ tuntun, àní iṣẹ́ tó ń pa owó wọlé pàápàá, ṣùgbọ́n ó ka ìpolówó ọjà léèwọ̀, ó sì le láti yé ènìyàn débi pé Creative Commons fúnra rẹ̀ pa á tì ní ọdún 2011. Freesound wá sọ fún àwọn tó ń fi ìró ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú ọ̀kan nínú mẹ́ta: CC0, tó ti wà láti ọdún 2009, nínú èyí tí olóhun ti yọwọ́ yọsẹ̀ pátápátá, BY, tó ní kí wọ́n dárúkọ ẹni tó gba ìró náà sílẹ̀, àti BY-NC, tó ní kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ kí wọ́n má sì fi ìró náà wá owó. Àwọn ìró àtijọ́ tí olóhun wọn kò dáhùn ṣì wà lábẹ́ Sampling Plus, ẹni tó bá sì mú wọn láìwo ọjọ́ orí wọn lè fi ẹsẹ̀ kọ.

Èyí tó ń kó àwọn oníṣẹ́ fídíò sí wàhálà jù nínú àwọn mẹ́ta náà ni BY-NC, nítorí pé fídíò tí ìpolówó ń jáde lórí rẹ̀ ti ń wá owó, bí ẹni tó ṣe é kò bá tilẹ̀ tíì rí kọ́bọ̀. Ìṣòro kan náà ló wà lórí ìró BBC, tí ó lé ní 16,000, tí ilé-iṣẹ́ náà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2018: fún lílo ara ẹni, ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ni ọ̀fẹ́ rẹ̀ wà, ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣòwò gbọ́dọ̀ ra àṣẹ lọ́tọ̀. Ìwé àṣẹ pẹ̀lú kò lè lágbára ju ẹni tó fún ni lọ. Ẹni tó bá fi CC0 sórí ìró tí ó gé látinú fíìmù ẹlòmíràn kò yọ̀ǹda nǹkan kan, nítorí kò ní nǹkan kan níbẹ̀ láti yọ̀ǹda.

YouTube ní ẹ̀rọ kan, Content ID, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2007, tó ń fi ohùn inú fídíò wé ohùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí yóò sì ké sí wọn bí méjèèjì bá jọra. Ẹ̀rọ náà mọ ìjọra, kò mọ ìwé àṣẹ. Olórin kan ní Ọsirélíà gbé fídíò wákàtí mẹ́wàá jáde, tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju ariwo fẹ́ẹ́ tó dà bí ti rédíò tí kò mú ibùdó kankan, ó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ̀ǹpútà ṣe ariwo náà. Nígbà tí ọdún 2018 fi wọlé, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti kéde sórí rẹ̀ pé ariwo náà kì í ṣe tirẹ̀. Ìlànà YouTube fúnra rẹ̀ ní kò yẹ kí wọ́n fi ìró àfikún tó dá dúró forúkọ sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí olórin kan bá fi ìró láti inú àkójọ kan sínú orin rẹ̀, tí ó sì fi orin náà forúkọ sílẹ̀, gbogbo ẹlòmíràn tó ra ìró kan náà lọ́nà tó tọ́ lè bá ara wọn nínú ẹ̀sùn. Ohun kan ṣoṣo tó ń gbani nínú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀dà ìwé àṣẹ àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá tọ́jú méjèèjì pẹ̀lú iṣẹ́ tí ó ti parí kò ní ẹ̀rí kankan.

Ní Nàìjíríà, àṣẹ ìjọba ológun ti ọdún 1970 ló rọ́pò òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1911, àṣẹ mìíràn tẹ̀lé e ní ọdún 1988, òfin tó wà lórí àléfà báyìí sì ni èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù March ọdún 2023. Àwọn ẹgbẹ́ eré alárìnjò tó bí fíìmù Yorùbá kò nílò ìwé àṣẹ ìró, nítorí pé bàtá àti dùndún tí wọ́n ń lù lójú agbo ló gbé eré wọn. Fíìmù tí àwọn ọmọ wọn ń ṣe lónìí ń dé Lọ́ńdọ̀nù àti Houston ní ọjọ́ kan náà tí ó dé Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni òfin ti yàtọ̀ síra. Àwo ìró kan tí ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1965 ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀tọ́ àdàkọ ní Nàìjíríà ní ìparí ọdún 2015, nítorí 50 ọdún ni òfin Nàìjíríà fún àkásílẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ti sọ 50 di 70 láti ọdún 2013, ó di ìparí ọdún 2035. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2018 fún àwọn àkásílẹ̀ tó ti wà ṣáájú 1972 fi í sábẹ́ ààbò títí di ọjọ́ 15 oṣù February ọdún 2067. Olóòtú tó ń ṣe fíìmù fún orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ tó jìnnà jù nínú wọn ṣe ìṣirò rẹ̀.